Ata-wẹ́wẹ́ Lẹ́yìn Odi

Obìnrin kúkúrú ni. Bí ó bá dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó aṣọ ìdọ̀tí, orí rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń rí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló sọ ọ́ ní Ata-wẹ́wẹ́, wọ́n sì rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ lọ pe Ata-wẹ́wẹ́ kó wá wo aṣọ ibùsùn tí ẹ ká bí ibi tí ewúrẹ́ sùn sí yìí." Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni ilé ìfọṣọ náà wà, níbi tí àlejò kì í dé. Ooru ibẹ̀ dà bí ooru inú ìkòkò. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́tọ̀, aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́tọ̀, aṣọ àwọn ọmọ tuntun lọ́tọ̀. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, ọjọ́ náà kò ní sàn fún un. Ata-wẹ́wẹ́ kì í fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sun àwọn ọ̀gá òkè. Ó kàn máa ń bínú ni, ìbínú rẹ̀ sì ní ìlànà. Á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ta ló bí ọ. Á wá bi ọ́ bóyá ẹni tó bí ọ lè sùn lórí ohun tí o fọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá to gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kalẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́. Bí ó bá to ẹ̀ṣẹ̀ náà tán, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Bí o ò bá tíì jẹun, á fún ọ nínú tirẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ìyá yìí ló ni ohùn náà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó bá a gbé ládùúgbò nígbà tó ṣì lágbára kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí ọmọ ti jogún ẹnu fún wọn. Ṣùgbọ́n iyè màmá ti ń jò. Ó ń béèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, orúkọ ẹlòmíràn ló ń pè é. Bóyá ebi ṣì ń pa á, kò sẹ́ni tó lè sọ; bó bá ń pa á, kò rántí ohun tí èèyàn ń ṣe sí ebi.

Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú rẹ̀, á máa wò ó bí ẹrù àlejò. Kékeré á bẹ̀ ẹ́, á kọrin, á fi síbí kan ètè rẹ̀. Màmá á yíjú sí ògiri. Àfi kí Ata-wẹ́wẹ́ dé, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ní, "Màmá, ẹ jẹun, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ o!" Nígbà náà ni màmá á gbé síbí. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bá kan Ata-wẹ́wẹ́, fóònù ló ń fi sọ ọ́. Kékeré á gbé fóònù sí etí màmá, ohùn á jáde, síbí á gbéra. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Dókítà pàápàá mi orí, ó ní kí wọ́n máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn wá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá kan láti òkè òkun. Àwọn tó tà á ní kí ẹnì kan wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó níbi tí wọ́n ti ṣe é. Mátírọ́ọ̀nù mú Ata-wẹ́wẹ́.

"Mi ò lọ, mà," ó ní. "Ta ni yóò bọ́ ìyá mi?"

"Lọ́jọ́ tó o bá wà níbí di alẹ́, ta ló ń bọ́ ìyá rẹ?"

"Èmi náà ni. Mo máa ń fi fóònù..."

"Ṣé kò sí fóònù lókè òkun ni?"

Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Ohun kan ló kù," mátírọ́ọ̀nù ní. "Mo bẹ̀ ọ́, má bá ẹnikẹ́ni jà lọ́hùn-ún. Orúkọ wa lo gbé lọ. Bí inú bá bí ọ, gbé e mì."

Kékeré náà sọ bẹ́ẹ̀ nílé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìfọṣọ yín o. Ẹ fi sùúrù ṣe é. Ẹ máa sọ pé 'ẹ jọ̀wọ́', ẹ máa sọ pé 'ẹ ṣeun'."

"Ṣé mi ò ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

Kékeré ń ká aṣọ lọ.

Ata-wẹ́wẹ́ ṣèlérí fún àwọn méjèèjì. Kí ó tó lọ, ó tún òfin ilé sọ fún Kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà, lẹ́yìn tí gbájúẹ̀ kan ti pe màmá lórí fóònù, tó ń kì í ní "ìyá mi àtàtà, ìyá mi oníwà tútù," tó sì fi ohùn dídùn yẹn kó ohun tó wà ní báńkì rẹ̀ lọ. Òfin náà kò gùn. Má gbé nọ́ńbà tí o kò mọ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà òkè òkun, pa á, kí o sì dènà rẹ̀ kó má lè pè mọ́. Rédíò ti sọ pé àwọn olè ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn èèyàn, nítorí náà ó fi kún un pé, "Kódà kó jẹ́ ohùn tèmi lo gbọ́, tí kì í bá ti í ṣe nọ́ńbà mi, pa á." Ó ti tún fóònù màmá ṣe pé kó má dún rárá àfi fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀.

"Bí ẹ bá wá ń sunkún ńkọ́?" Kékeré béèrè.

"Pa á! Ìgbà wo lo rí ẹkún mi rí?"

Ó wá lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n sanwó ẹ̀rín fún.

"Dátà ìrìn-àjò ni mà. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Bíi pé ẹ wà ní pálọ̀ yín ni."

"Ìyá mi ni mo fẹ́ máa pè. Kò ju ìyẹn lọ. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn mi kó tó jẹun."

"Á gbọ́ yín ketekete mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ mà. Títí ẹ ó fi padà dé ló máa gbé yín."

Ó sanwó. Ó dúpẹ́ pẹ̀lú, nítorí ó ti ń fi sùúrù kọ́ra.

Bàálù balẹ̀. Ó tan fóònù. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì dákẹ́, bíi kòkòrò tí wọ́n sé mọ́ inú agolo. Gbogbo fídíò ìdágbére tí àwọn ọmọ ilé ìfọṣọ ti ń fi ránṣẹ́ ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń jó láàrin kẹ̀kẹ́ aṣọ. Wọ́n ń gbàdúrà. Ẹnì kan gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀, ó ń fara wé e, ó ń na ìka sí ìrọ̀rí kan, ó ń bi í pé ta ló bí i. Bí fídíò ti ń tán, fóònù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe, ó ń fa áàpù tuntun wọlé. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Ata-wẹ́wẹ́ tó dé iwájú àwọn tó ń wo ìwé ìrìnnà, ohun tí wọ́n ní yóò gbé e títí yóò fi padà dé ti tán. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: Dátà yín ti parí. Ẹ ra òmíràn kí ẹ lè máa gbádùn ìrìn-àjò yín.

Ó kà á, ó tún un kà. Gbádùn.

Ó fẹ́ ra òmíràn. Fóònù ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀, kó tẹ kóòdù náà. Kóòdù kò dé, nítorí pé bí dátà ti tán ni wọ́n ti nọ́ńbà náà pa. Kí wọ́n tó lè ṣí i, ó ní láti rà. Kó tó lè rà, ó ní láti tẹ kóòdù. Ẹni tó tì ọ́ síta, tó ju kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, tó wá ní kí o ṣílẹ̀kùn wọlé wá mú kọ́kọ́rọ́: kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó gbé e mì.

Ilé gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi í sí. Kò sí èèyàn níbi àbáwọlé. Àpótí irin kan ló wà lára ògiri, òun ló ń fúnni ní kọ́kọ́rọ́. Yàrá náà mọ́. Ó fi ọwọ́ pa aṣọ ibùsùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọn kò ṣan ọṣẹ rẹ̀ dáadáa. Wáìfáì wà nínú ilé náà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rín. Ó tẹ̀ ẹ́. Wáìfáì ní kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí òun lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí i.

Ó jókòó sórí ibùsùn náà. Oòrùn wà lójú fèrèsé, ọ̀sán gangan. Nílé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Kékeré á ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Màmá á ti yíjú sí ògiri.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni fóònù rẹ̀ ṣì lè pè: nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó tì í pa. Ó pè é. Ohùn ẹ̀rọ kan ní kó tẹ ení bó bá fẹ́ èyí, kó tẹ èjì bó bá fẹ́ tọ̀hún. Ó tẹ̀, ó tẹ̀. Wọ́n fi orin sí i létí. Nígbà tí orin náà ti sú olórin pàápàá, ọkùnrin kan gbé e.

"Ẹ ti lo dátà yín tán mà."

"Èmi kọ́ ni mo lò ó, ọmọ mi. Fóònù ni. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Fóònù yín ni, àbí?"

Ó fi ahọ́n kan òkè ẹnu rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀. "Tèmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí i. Ìyá mi ò ní jẹun."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ máa tẹ kóòdù tí a fi ránṣẹ́ ni."

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi."

"Bí kò bá dé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wa tó súnmọ́ yín jù lọ. Kí wọ́n kàn wo ojú yín."

"Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló súnmọ́ mi? Òkun ló wà láàrin wa."

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ti ń tẹ nǹkan. "Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo yẹn ni mà. Ẹ bá wa ṣe sùúrù. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe?"

Wọ́n gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n wá gbé ọ̀nà sá lọ. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá ké, àwọn ni wọn yóò tún sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ata-wẹ́wẹ́ ní, "Ẹ ṣeun." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí eyín tí wọ́n fà.

Ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ìsinmi ọ̀sán. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ pé láti òkè délẹ̀. Ata-wẹ́wẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lo Wáìfáì wọn.

"Ti àlejò kọ́ ni," ó ní. "Òfin ni. Ẹ lọ ra síìmù níta."

Ó lọ ra síìmù níta. Nínú páálí síìmù náà ni ìwé pélébé kan wà: kí síìmù yìí tó lè ṣiṣẹ́, ẹ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀. Ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Ẹni náà ní kó lo Wáìfáì ilé tó ń gbé. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni Ata-wẹ́wẹ́ ti bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, tí oníbàárà mìíràn fi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ọ̀nà àárín ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe é. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, òun náà ti ibòmíràn wá. Ó ti rí i bó ṣe ń gbé fóònù sókè lójú fèrèsé, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò wọlé.

"Ta lẹ ń wá, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyá mi ni. Kì í jẹun bí kò bá gbọ́ ohùn mi."

Obìnrin onígbálẹ̀ náà kò tún béèrè nǹkan kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára yẹ̀rì, ó yọ fóònù tirẹ̀. "Owó díẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ẹ pè é."

Nọ́ńbà méjì péré ni Ata-wẹ́wẹ́ mọ̀ lórí, ti màmá àti ti Kékeré. Ti màmá kò ní dún fún àlejò. Òun ló sé e mọ́ra rẹ̀. Ó pe Kékeré. Ó dún, ó dún, wọ́n pa á. Ó tún pè. Wọ́n tún pa á. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta. Kékeré gbé e, kò sì jẹ́ kó yanu.

"Ẹ̀yin olè yìí, ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ẹ ti rí i lórí ìkànnì ilé ìwòsàn pé ẹ̀gbọ́n mi rìnrìn-àjò, àbí? Ẹ ti ń pè wá! Ìyá wa ò jẹun láti ọjọ́ tó ti lọ, omi nìkan ló ń mu, orí wa ti dà rú, ẹ wá ń yọ wá lẹ́nu!"

"Kékeré, jọ̀wọ́, èmi..."

"Ẹ tiẹ̀ mọ orúkọ mi! Ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbé wọ̀ yẹn? Iná á jó yín lẹ́nu!"

Ó pa á. Nígbà tí Ata-wẹ́wẹ́ tún pè é, kò dún mọ́. Kékeré ti dènà nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí.

Ata-wẹ́wẹ́ dá fóònù padà. Omi nìkan. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí gbígbọ́.

"Wọ́n ní olè ni mí," ó ní.

"Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Obìnrin onígbálẹ̀ náà wò ó, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Síìmù méjì ló wà nínú fóònù mi," ó ní. "Owó ò sí lórí ìkejì. Lọ́la, lọ́wọ́ ọ̀sán, màá ti fi díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyẹn, mi ò ní òmíràn o."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ńlá náà ń yí, olùkọ́ ń ṣàlàyé bó ṣe ń fi ara rẹ̀ wọn ọṣẹ. Ata-wẹ́wẹ́ kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Gbólóhùn tí yóò sọ ló ń tò lọ́kàn. Yóò sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí Kékeré má baà bẹ̀rù. Nígbà tí agogo ìsinmi dún, obìnrin onígbálẹ̀ ti ń dúró dè é ní ọ̀nà àárín, fóònù lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lọ síbi oúnjẹ. Olùkọ́ náà dúró nítòsí, ó mú ife tíì dání.

Kékeré gbé e kíákíá, bí ẹni tí ìjà ti wù tipẹ́.

"Ẹ tún ti fi nọ́ńbà mìíràn dé?"

"Kékeré, àbúrò mi ọ̀wọ́n, jọ̀wọ́ má pa á. Fi sùúrù gbọ́ mi. Èmi ni."

"Àbúrò yín ọ̀wọ́n! Ó dáa. Iṣẹ́ wo lẹ̀gbọ́n mi ń ṣe?"

"Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo wà. Mátírọ́ọ̀nù ló ní kí n wá."

"Ìyẹn wà lórí ìkànnì, pẹ̀lú fọ́tò. Orúkọ ta ni màmá ń pè mí báyìí?"

"Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú."

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń tẹ́tí sí fóònù wa nìyẹn."

"Jọ̀wọ́, Kékeré mi..."

"Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín níṣẹ́ yín. Ohùn náà jọ ọ́, ẹ gbìyànjú. Ìwà lẹ ò rí ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì bẹ̀ mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. 'Àbúrò mi ọ̀wọ́n', 'Kékeré mi'! Bí gbájúẹ̀ tó pe màmá lọ́jọ́sí ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyí." Ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀ kúrò lẹ́nu fóònù. "Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí n pa á. Mo ń bọ̀, ẹ kàn bá mi tọ́ bisikíìtì yìí wò."

Ata-wẹ́wẹ́ gbọ́.

"Bisikíìtì?" ó ní.

Ó gbé ọwọ́ kan lé ìbàdí.

"Mo ní bisikíìtì wo?" Gbogbo ọ̀nà àárín dúró. "Ta ló bí ọ? Mo ń bi ọ́, Kékeré, ta ló bí ọ? Ẹni tó bí ọ, ṣé bisikíìtì ló fi wò ọ́ dàgbà? Nígbà tí èèyi ń ṣe ọ́, tó ń gbé ọ sẹ́yìn láti ilé dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣé bisikíìtì ló jẹ lọ? Ìwọ tó o jó ìkòkò mi, tó o gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó o rò pé mi ò mọ̀! Ìwọ tó o wọ bàtà mi lọ síbi ìdánwò, tó o kùnà ìdánwò, tó o tún já okùn bàtà! Àwọn olè ta afẹ́fẹ́ fún mi, mo dúpẹ́! Wọ́n tì mí pa, mo ní ẹ ṣeun! Wọ́n ní kí n lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀gbẹ́ ilé epo, mo gbé e mì! Mo ti gbé e mì débi tí ikùn mi fi kún, ìwọ wá ń fi bisikíìtì bọ́ ìyá mi, o ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jalè! Bí mo bá wọ bàálù wá bá ọ níbẹ̀..."

Èémí rẹ̀ tán. Tíì ti dà sára ẹ̀wù olùkọ́.

Nínú fóònù, láti ọ̀nà jíjìn nínú yàrá, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àgbà ni, ó ń dá dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló tún ṣẹ̀ ẹ́?" màmá béèrè. "Gbé e wá. Ọmọ mi nìyẹn. Ohùn olè máa ń dùn ni."

Ata-wẹ́wẹ́ fi ọwọ́ kejì di ògiri mú.

"Màmá," ó pariwo, "ẹ jẹun, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ o!"

"Ṣé mo ní mi ò jẹ ni? Má pariwo mọ́ mi."

Síbí kan abọ́. Ó tún kàn án. Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀nà àárín gbọ́ ọ, nítorí obìnrin onígbálẹ̀ ti na ọwọ́ sí fóònù, ó ti tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde síta.

Ẹkún ni Kékeré fi gba fóònù padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sì sọ pé ẹ̀yin ni."

"Mo sọ! Kí ni mo wá ń sọ láti àná?" Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Ìgbà yẹn ni Kékeré sunkún jù.

Láti ọjọ́ náà, tí agogo ìsinmi bá dún, Ata-wẹ́wẹ́ á gba fóònù obìnrin onígbálẹ̀, á pariwo nínú rẹ̀, á dúró gbọ́ síbí, á dá a padà. Olùkọ́ a máa jìnnà sí wọn. Lọ́jọ́ kan ó bi obìnrin onígbálẹ̀ náà pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí ìdílé yìí fi ń jà lójoojúmọ́.

"Wọn ò jà," ìyẹn ní. "Ìyá rẹ̀ ló ń bọ́."

Nígbà tí ó padà dé, Kékeré wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n háyà. Ata-wẹ́wẹ́ ń tan fóònù nínú ọkọ̀ náà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: Ẹ káàbọ̀ sílé. Inú wa dùn pé a bá yín rìnrìn-àjò. Báwo lẹ ṣe gbádùn wa sí? Ìràwọ̀ márùn-ún ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó tẹ̀.

Ó fi fóònù sínú báàgì. Ó sọ fún awakọ̀ pé kó yà lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo.

Kékeré di apá rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ délé. Màmá ń retí yín. Ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù?" Ata-wẹ́wẹ́ ní. "Sùúrù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá wa."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì náà. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú. Ọmọbìnrin yẹn wà ní ìjókòó rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Kí la lè ṣe fún yín lónìí?"

Ata-wẹ́wẹ́ gbé báàgì rẹ̀ lé orí tábìlì. Ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló bí ọ?" ó ní.